Fíníìṣì: ohun tó ń jẹ́ kí káàdì gbọ́ràn sí onídán lọ́wọ́

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa fi káàdì pidán, ẹ̀yìn káàdì lojú ẹ̀ kọ́kọ́ máa ń lọ. Èyí tí wọ́n kùn ní góòlù, èyí tó dúdú látòkè délẹ̀, èyí tí wọ́n ya agbárí èèyàn sí. Kò burú, kálukú ló mọ ohun tó wù ú, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwòrán ló ń mú kí káàdì ṣe ohun tẹ́ ẹ bá ní kó ṣe, ara káàdì yẹn fúnra ẹ̀ ni, bó ṣe ń yọ̀, bó ṣe ń tẹ̀, bó ṣe ń padà sípò. Bí wọ́n ṣe ṣe ojú bébà yẹn parí ni àwọn tó ń ta káàdì ń pè ní fíníìṣì, òun ni mo sì fẹ́ ká sọ lónìí, torí àwọn kan wà l'Óṣogbo níbí tó jẹ́ pé wọ́n á ní ọwọ́ àwọn ò gba idán, bẹ́ẹ̀ káàdì ọwọ́ wọn ló ń dà wọ́n láàmú.

Káàdì tó dáa kì í ṣe páálí kan ṣoṣo tí wọ́n kàn gé. Bébà méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀, gọ́ọ̀mù dúdú ló sì wà láàárín wọn kí iná má bàa là á kọjá, torí tẹ́ ẹ bá gbé káàdì jákujàku sókè sí gílóòbù, ẹ lè máa rí òjìji nọ́ńbà ẹ̀ láti ẹ̀yìn, idán ti tú nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kun ún tojú tẹ̀yìn kí ìdọ̀tí má tètè wọ̀ ọ́. Ibi tọ́rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ rèé o. Tójú káàdì bá tẹ́ pẹrẹsẹ tó ń dán gbinrin, méjì tó bá gorí ara wọn á lẹ̀ mọ́ra, ẹ fẹ́ ti ọ̀kan, mẹ́rin á bá a jáde. Àwọn tó mọṣẹ́ wá máa ń fi ẹ̀rọ tẹ ojú bébà yẹn kó ní kòtò wẹ́wẹ́ káàkiri, ẹ ò ní tètè rí i, àfi tẹ́ ẹ bá dá káàdì náà dábùú síná. Afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀ máa ń há sínú àwọn kòtò yẹn, káàdì òkè ò wá fara lé tìsàlẹ̀ tán, ó máa ń yọ̀ lórí ẹ̀ ni. Ohun tí wọ́n ń wí nìyẹn tẹ́ ẹ bá rí Air-Cushion Finish lára páálí Bicycle, ìyẹn orúkọ irú káàdì kan.

Kí ló wá kan onídán níbẹ̀? Gbogbo ẹ̀ ló kàn án. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tẹ́ káàdì bí abẹ̀bẹ̀ Ọ̀ṣun, kó ṣí dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, afẹ́fẹ́ inú kòtò yẹn ló ń bá yín ṣe é. Tẹ́ ẹ bá tẹ́ ẹ sórí tábìlì, tí gbogbo ẹ̀ tò lọ rẹrẹ, òun náà ni. Ṣùgbọ́n ó tún kù, torí nígbà míì ńṣe lẹ máa fẹ́ kí káàdì méjì dúró bí ọ̀kan lọ́wọ́ yín (ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ṣe é mọ ohun tí mò ń sọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò tíì mọ̀, ẹ ní sùúrù), káàdì tó bá ti ń yọ̀ jù, èkejì á ṣí gẹ́gẹ́ lójú àwọn èèyàn. Nítorí náà kì í ṣe èyí tó ń yọ̀ jù ló dáa jù. Èyí tó ń yọ̀ níwọ̀n ni, tó sì rọ̀ díẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gba àwọn tó bá ń ra káàdì onírọ́bà látòkè délẹ̀ fún idán nímọ̀ràn, irú Kem tàbí Copag. Káàdì gidi ni, ẹ lè fi omi fọ̀ ọ́, ó sì máa ń pẹ́, àwọn tó ń ta póòkà, eré káàdì tí wọ́n fi ń ta tẹ́tẹ́, ò lè kó o dànù. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, á fò padà, ó sì máa ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́. Ẹ fi sílẹ̀ fáwọn tó ń ta póòkà.

Bicycle ẹlẹ́yìn Rider Back, èyí tí wọ́n ya áńgẹ́lì tó ń gun kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn ẹ̀, lọ̀pọ̀ onídán káàkiri ayé ń lò, èmi náà ò rí èyí tó dáa jù ú lọ fẹ́ni tó ń bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1885 ni Bicycle jáde ní Amẹ́ríkà, United States Playing Card Company ló ń ṣe é, Cincinnati ni wọ́n wà tipẹ́ kí wọ́n tó kó lọ sí Erlanger ní Kentucky lọ́dún 2009, Cartamundi ti Bẹ́ljíọ̀mù ló sì rà wọ́n lọ́dún 2019. Fíníìṣì ẹ̀ dáa, owó ẹ̀ ò sì pọ̀. Etí funfun tó yí ẹ̀yìn ẹ̀ ká ni ẹ má fojú kéré, torí tẹ́ ẹ bá yí ojú káàdì kan sókè sáàárín àwọn yòókù tó dojú délẹ̀, tó bá yọ ṣóńṣó díẹ̀, funfun lásán làwọn èèyàn máa rí. Ẹ wá wo Bee, irú káàdì míì tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1892, iléeṣẹ́ kan náà ló ń ṣe é báyìí, àmọ́ èyí táwọn kàsínò (ilé tẹ́tẹ́) ń lò ò ní etí funfun, àwòrán ẹ̀ dé etí káàdì pátápátá, gbàrà tí ọ̀kan bá yí lẹ gbé. Ohun míì ni pé káàdì ẹ̀tàn, irú èyí tó ní ẹ̀yìn lójú méjèèjì, ẹlẹ́yìn Rider Back ni wọ́n máa ń ṣe jù, pupa àti búlúù, kó lè bá tọwọ́ yín mu. Ẹ sì ṣọ́ra fún ayédèrú o, ó pọ̀.

Ní ti ìwọ̀n, oríṣi méjì lẹ máa rí: ti póòkà tó fẹ̀ 63 mílímítà, tó ga 88, àti ti bríìjì, eré káàdì míì, tó fẹ̀ 57. Ẹ lo ti póòkà. Ọwọ́ yín kéré kẹ̀, á mọ́ ọn lára.

Nǹkan kan tún wà tí mi ò rí kí wọ́n máa sọ, òun ló sì kàn wá jù níbí. Whot lọ̀pọ̀ nínú wa ta dàgbà. Ẹ lọ síbi àríyá kan lápá Òkè-Fìà, ẹ ní kí bùọ̀dá kan mú káàdì, ó mú Jack of Clubs, kò mọ ohun tó ń jẹ́, á wò ó, á tún un wò, nígbà tẹ́ ẹ máa fi ní kó dárúkọ ẹ̀ ó ti gbàgbé, ta ló fẹ́ pàtẹ́wọ́? Tẹ́ ẹ bá wá lọ ra káàdì tí wọ́n yí ojú King àti Queen ẹ̀ padà nítorí fáàrí, ẹ ti fi kún wàhálà yín nìyẹn. Káàdì tójú ẹ̀ ò ṣòro ni kẹ́ ẹ rà, tàwọn àgbàlagbà bá sì ni ẹ máa ń pidán fún, ẹ wá èyí tí nọ́ńbà ẹ̀ tóbi, Jumbo Index ni wọ́n ń pè é. Ẹ ní kí wọ́n fi káàdì náà han ẹni ẹ̀gbẹ́ wọn kí wọ́n tó dá a padà.

Kẹ́ ẹ tó ka owó fún ẹni tó ń tà á, ẹ bẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ ṣí i. Ẹ tẹ́ ẹ lọ́wọ́, tó bá ń jáde ní ìdì ìdì, ẹ dá a padà. Ẹ wo etí ẹ̀, kò gbọdọ̀ hun. Tẹ́ ẹ bá ti ń ṣe fáárò, ìyẹn pé ẹ dá mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sọ́tùn-ún, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sósì, kẹ́ ẹ fi etí wọn wọnú ara wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan (tẹ́ ẹ bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹjọ láìṣìṣe, tí káàdì òkè ò kúrò lókè, gbogbo ẹ̀ á padà sí bó ṣe wà níbẹ̀rẹ̀), ẹ gbìyànjú ẹ̀ ní ìdojúbolẹ̀ àti ìdojúsókè, torí bí ọ̀bẹ ẹ̀rọ tí wọ́n fi gé e ṣe gba ara káàdì kọjá máa ń jẹ́ kó wọ ara wọn dáadáa níhà kan ju èkejì lọ.

Páàkì méjì ló yẹ kó wà lọ́wọ́ yín, èyí tẹ́ ẹ fi ń kọ́ àti èyí tẹ́ ẹ fi ń ṣeré fáyé rí. Èyí tó ti gbó lẹ fi máa kọ́ nílé. Afẹ́fẹ́ ìlú wa náà ò ràn wá lọ́wọ́: lásìkò òjò, pàápàá oṣù kẹjọ tí ọdún Ọ̀ṣun máa ń bọ́ sí, ọ̀rinrin máa ń wọ bébà, káàdì á wú, á máa lẹ̀; tí ọyẹ́ bá dé, á gbẹ, á ká kò. Ẹ máa dá a padà sínú páálí ẹ̀, ẹ má sì fi í sórí dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́tò. Ẹ fọwọ́, ẹ nu ún gbẹ kẹ́ ẹ tó dì í mú. Tó bá sì ti ń lẹ̀ pọ̀, ẹ má da pọ́dà ọmọdé sí i o, ìdì ló máa di. Zinc stearate, pọ́dà funfun kan, làwọn onídán ń lò, kẹ́ ẹ sì dá páàkì kan sọ́tọ̀ fún un, torí èyí tẹ́ ẹ bá ti fi sí ò ní dúró bí ọ̀kan mọ́ tẹ́ ẹ bá gbé méjì.