Ìtọ́jú onígbà díẹ̀: ohun tó yẹ kí ilé náà mọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú

Ní Íńgílándì, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ní ìpèníjà òye láti kékeré ló ṣì ń gbé lọ́dọ̀ òbí wọn, àwọn òbí kan sì ti lé ní ẹni 70 ọdún. Ìtọ́jú onígbà díẹ̀ ni kí ẹlòmíràn gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ẹbí fún wákàtí mélòó kan, fún òpin ọ̀sẹ̀, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí àwọn náà lè sinmi. Ilé tí wọ́n dìídì ṣètò fún un ni àwọn kan ń lọ. Òṣìṣẹ́ ló ń wá bá àwọn mìíràn nílé. Àwọn kan sì ń lọ sọ́dọ̀ ìdílé tí wọ́n ti yẹ̀ wò fínnífínní, èyí tí wọ́n ń pè ní Shared Lives.

Ọ̀dọ̀ káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, ni wọ́n ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Òfin Care Act ti ọdún 2014 fún ẹni tó ń tọ́jú àgbàlagbà ní ẹ̀tọ́ sí àyẹ̀wò tirẹ̀ nípa ìrànlọ́wọ́ tí òun náà nílò, yàtọ̀ sí ti ẹni tí wọ́n ń tọ́jú. Ibẹ̀ kọ́ ni ibi tí ènìyàn ti ń sọ pé “a ń gbìyànjú.” Ìyá tó ń jí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóru, kó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Àjọ CQC (Care Quality Commission) ló ń ṣàyẹ̀wò àwọn ilé ìtọ́jú àgbàlagbà. Ó ń wò ó bóyá ewu ò sí níbẹ̀, bóyá ìtọ́jú wọn ń ṣiṣẹ́, bóyá wọ́n ní àánú, bóyá wọ́n ń fiyè sí ohun tí oníkálukú nílò, àti bóyá alákòóso mọ iṣẹ́. Ìpele mẹ́rin ni wọ́n ń pín wọn sí, ẹnikẹ́ni sì lè ka ìròyìn náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí a wo ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ o: òṣìṣẹ́ tí wọ́n yìn nígbà náà lè má sí níbẹ̀ mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni ohun tí ilé náà mọ̀ nípa ẹni tó ń bọ̀. Ilé tó dára kì í ṣàdédé gba ènìyàn sùn. Yóò kọ́kọ́ wá jẹun, yóò lo ọ̀sán kan, lẹ́yìn náà ni yóò sun oorun ẹyọ kan. Láàárín ìgbà yìí ni wọ́n á bi ẹbí pé: báwo ló ṣe máa ń sọ pé òun ò fẹ́? Báwo ni ẹ ṣe ń mọ̀ bí nǹkan bá ń dùn ún? Ẹni tí kò lè sọ pé “inú ń run mí” lè máa gé ara rẹ̀ lọ́wọ́ jẹ, tàbí kó kọ oúnjẹ. Òṣìṣẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n á ní bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, nígbà tó jẹ́ pé kò rí ìgbẹ́ yà láti ọjọ́ mẹ́rin. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Àìrí ìgbẹ́ yà ti pa àwọn tó ní ìpèníjà òye rí. Ìdí nìyí tí ilé tó mọ iṣẹ́ fi ń kọ ìgbà tí ènìyàn yàgbẹ́ sílẹ̀, láìtijú.

Bẹ́ẹ̀ náà ni wárápá. Kì í ṣe pé kí wọ́n kàn ní oògùn pàjáwìrì nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ta ló wà lójúfò lóru tí wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó? Láti ọdún 2022 ni òfin ti ní kí wọ́n kọ́ òṣìṣẹ́ nípa ìpèníjà òye àti ọ́tísímù, ìyẹn sì dára, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ yẹn kò lè sọ fún wọn pé búrẹ́dì máa ń há ẹni yìí pàtó lọ́rùn bí ó bá gbẹ.

Ó yẹ kí a tún béèrè irú ẹni tí yóò jọ wà níbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀ náà, àti bí wọ́n ṣe máa ń fagi lé ètò tó. Bí ọ̀ràn pàjáwìrì bá gba yàrá, ẹbí tó ti ń retí ìsinmi láti oṣù méjì ni yóò pàdánù rẹ̀.

Nígbà tó bá padà délé, ẹ̀rí wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá fúnra rẹ̀ gbé báàgì jáde nígbà kejì ti sọ̀rọ̀. Ẹni tó fi pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà ti sọ̀rọ̀. Bí nǹkan kò bá tọ́, ilé náà tàbí káńsù ni a kọ́kọ́ ń fẹjọ́ sùn. Bí èsì wọn kò bá tẹ́ni lọ́rùn, ó kan Local Government and Social Care Ombudsman, ìyẹn àwọn tó ń gbọ́ ẹ̀sùn nípa káńsù àti ilé ìtọ́jú, tí kì í gba owó kankan.