Wọ́n ní kí n fún àwọn ní àkọsílẹ̀ Facebook mi fún ìwádìí: ṣé kí n gbà?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní yunifásítì ló pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan. Àwọn olùwádìí kan kọ̀wé sí i pé àwọn fẹ́ mọ bí ìròyìn irọ́ ṣe ń rìn láàárín àwọn ọ̀dọ́. Wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ kó gba àkọsílẹ̀ Facebook àti WhatsApp rẹ̀ jáde, kó fún àwọn. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun náà sì ń béèrè tirẹ̀. Mo kọ ìbéèrè àwọn méjèèjì síbí pẹ̀lú èsì tí mo fún wọn, torí mo mọ̀ pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ á dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ìbéèrè ìyá: Dátà wo ni wọ́n tún fẹ́ gbà? Ṣé èyí tí ọmọ yìí ń fi owó mi rà kò tíì tó ni?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe dátà tí à ń rà lọ́wọ́ MTN tàbí Glo. Orúkọ ló papọ̀. Èyí tí wọ́n ń sọ ni àkọsílẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ tó ni Facebook, TikTok tàbí YouTube ti kó jọ nípa ẹni tó ń lò ó: ohun tó kọ, ohun tó wò, àwọn tó bá sọ̀rọ̀, àti aago tó bá wọn sọ ọ́. Ẹ rántí ìwé tí ẹ fi ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí, àmọ́ ìwé tiwọn kì í fo ọjọ́ kankan.

Ìbéèrè ọmọ: Àǹtí, ṣé èmi fúnra mi lè rí àkọsílẹ̀ yẹn?

Ìdáhùn: O lè rí i, ìwọ ló sì yẹ kó kọ́kọ́ rí i. Òfin ìdáàbòbò dátà ilẹ̀ Yúróòpù, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún 2018, fún èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè fún ẹ̀dà ohun tí ilé-iṣẹ́ kan kó jọ nípa rẹ̀. Òfin tiwa ní Nàìjíríà, tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà 2023, fún wa ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Ní Facebook, inú Settings ni o ti máa béèrè fún un. Ti Google, Takeout ni wọ́n ń pè é, ó sì ti wà láti 2011. Fáìlì zip, ìyẹn ọ̀pọ̀ fáìlì tí wọ́n dì pọ̀ sójú kan, ni wọ́n á fi ránṣẹ́, ó sì lè pẹ́ díẹ̀ kó tó dé.

Jọ̀wọ́, jókòó, kí o ṣí i. Orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ tí o ti yọ kúrò wà níbẹ̀. Àwọn tí o kọ̀ láti bá ṣọ̀rẹ́ wà níbẹ̀. Ìgbà tí o wọlé àti fóònù tí o fi wọlé wà níbẹ̀. Àwọn ọlọ́jà tó lọ sọ fún Facebook pé o yà sí ìtajà àwọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà wà níbẹ̀. Lẹ́yìn tí o bá ti rí gbogbo ìyẹn ni kí o tó wá ronú bóyá wàá fún wọn.

Ìbéèrè ọmọ: Kí ló dé tí wọn ò lọ gbà á lọ́wọ́ Facebook?

Ìdáhùn: Ọ̀nà wà nígbà kan. Ní 2023, Twitter tó ti di X dá ọ̀nà ọ̀fẹ́ tí àwọn olùwádìí ń gbà kó ọ̀rọ̀ jọ dúró. CrowdTangle ni àwọn oníròyìn àti olùwádìí fi ń wo ohun tó ń tàn ká lórí Facebook, àmọ́ Meta, ilé-iṣẹ́ tó ni Facebook, tì í pa ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ 2024. Ọ̀nà tó kù há, ni wọ́n bá yà sọ́dọ̀ àwa tí à ń lò ó.

Inú mi dùn sí i pé wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ. Ní oṣù Kìíní 2012, Facebook fi ọ̀sẹ̀ kan yí ohun tí èèyàn 689,003 ń rí lójú òpó wọn padà, láti wò ó bóyá ìyẹn á mú kí ọ̀rọ̀ ayọ̀ tàbí ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ pọ̀ sí i lẹ́nu wọn. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún wọn pé wọ́n wà nínú ìwádìí. Àfi ìgbà tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2014 kí ayé tó gbọ́.

Ìbéèrè ìyá: Ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì ló kọ̀wé. Ṣé ọ̀jọ̀gbọ́n ló máa wá jí nǹkan ọmọ mi ni?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n mi, ibí ni kí ẹ ti gbọ́ mi dáadáa. Aleksandr Kogan, olùkọ́ ni ní Yunifásítì Cambridge. Ní 2014, ìbéèrè kan tó ń sọ irú ìwà tí èèyàn ní ni ó gbé sórí Facebook, nǹkan bí 270,000 èèyàn ló sì dáhùn rẹ̀. Àmọ́ bí ẹnì kan bá ti dáhùn, wọ́n á kó ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ́ tirẹ̀, àwọn tí kò tiẹ̀ gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Lẹ́yìn tí àṣírí tú ní oṣù Kẹta 2018, Facebook ní àwọn tí wọ́n kó dátà wọn lè tó mílíọ̀nù 87. Ẹ pín in wò: ẹnì kan tó gbà, ó kó èèyàn tó lé ní 300 dání.

Cambridge Analytica, ilé-iṣẹ́ tó ń bá àwọn olóṣèlú ṣiṣẹ́, ni ẹrù náà bọ́ sí lọ́wọ́. Ilé-iṣẹ́ yìí náà ni ìròyìn ní wọ́n háyà fún ìbò ààrẹ wa ní 2015, torí náà ọ̀rọ̀ yìí ò jìnnà sí ilé wa. Mi ò sọ pé olè ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Ohun tí mò ń sọ ni pé oyè wọn kì í ṣe ìdáhùn. Ohun tí wọ́n fẹ́ kó, ibi tí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀ sí, àti ẹni tó máa fojú kàn án ni kí wọ́n sọ.

Ìbéèrè ọmọ: Ṣùgbọ́n tèmi ni mo fẹ́ fún wọn, Àǹtí, kì í ṣe ti àwọn ọ̀rẹ́ mi.

Ìdáhùn: Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Wo WhatsApp. Bí o bá lo Export Chat, fáìlì tó máa jáde ní ọjọ́, aago àti orúkọ ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú. Ẹni tí o kò bá fi orúkọ rẹ̀ pamọ́ sórí fóònù rẹ, nọ́ńbà rẹ̀ ni yóò hàn. Rántí gúrúùpù ẹbí wa. Ibẹ̀ ni bàbá àgbà ti ní ká bá òun gbàdúrà lórí ohun tí dókítà rí nínú àyẹ̀wò òun. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tọrọ owó ilé-ìwé ọmọ, tí wọ́n ń fi nọ́ńbà àkáǹtì sílẹ̀. Ìjà tọkọtaya, ibẹ̀ náà la ti parí rẹ̀. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó fọwọ́ sí ìwé olùwádìí, àfi ìwọ. Ta ló ń fi ẹran ẹlẹ́ran ṣe sàráà?

Nítorí náà, bi wọ́n bí wọ́n ṣe máa yọ ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn kúrò kí fáìlì tó kúrò lọ́wọ́ rẹ. Bí ìdáhùn wọn bá rú ọ lójú, má fún wọn ní WhatsApp rárá. Ọ̀rọ̀ Messenger lè wà nínú fáìlì Facebook náà, àmọ́ nígbà tí o bá ń béèrè fún un, o lè mú apá tó wù ọ́, kí o fi ìyẹn sílẹ̀.

Ìbéèrè ọmọ: Wọ́n ní àwọn máa yọ orúkọ kúrò, nọ́ńbà làwọn máa fi rọ́pò rẹ̀.

Ìdáhùn: AOL, ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kan ní Amẹ́ríkà, ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2006. Wọ́n kó ohun tí nǹkan bí 650,000 èèyàn wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín oṣù mẹ́ta síta fún àwọn olùwádìí, wọ́n sì fi nọ́ńbà rọ́pò orúkọ. Kò pẹ́ rárá tí àwọn oníròyìn New York Times fi tọ nọ́ńbà kan, 4417749, dé ilé obìnrin àgbà kan ní ìpínlẹ̀ Georgia. Orúkọ ìlú rẹ̀ àti orúkọ ìdílé rẹ̀ tó wà nínú ohun tó wá ló júwe rẹ̀. AOL yọ fáìlì náà kúrò, àmọ́ àwọn èèyàn ti gbà á sílẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀.

Ìbéèrè ìyá: Ṣé èyí tó dára wà nínú rẹ̀ ṣá?

Ìdáhùn: Ó wà, ẹ̀gbọ́n mi. Ní ilẹ̀ Netherlands, àwọn ará Yunifásítì Utrecht wà lára àwọn tó ṣe irinṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Port. Orí ẹ̀rọ ẹni tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni fáìlì rẹ̀ máa wà. Irinṣẹ́ náà á ṣa ìwọ̀nba tí ìwádìí nílò, á tò ó sójú ẹni náà kó kà á, ẹni náà á lè pa ìlà tí kò fẹ́ rẹ́, lẹ́yìn náà ni á tó tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ láti fi í ránṣẹ́. Bí kò bá tẹ̀ ẹ́, kò sí ohun tó kúrò nílé. Bí àwọn tó kọ̀wé sí ọmọ yín bá ń ṣe é báyìí, èmi náà á fún wọn ní tèmi, torí irọ́ tó ń jà kiri lórí fóònù àwọn òbí wa yẹ ní wíwádìí.

Wọ́n gbọ́dọ̀ dárúkọ ìgbìmọ̀ tó yẹ ìwádìí wọn wò kó tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì sọ ọjọ́ tí wọ́n máa pa fáìlì rẹ́. Ẹni tó bá béèrè password, OTP tàbí BVN, gbájúẹ̀ ni.

Ìbéèrè ọmọ: Bí mo bá ti fún wọn tán, tí mo wá yí ọkàn padà ńkọ́?

Ìdáhùn: Òfin 2023 yẹn ní o lè gba ìyọ̀ǹda rẹ padà nígbàkígbà. Wọ́n máa fún ọ ní nọ́ńbà kan nígbà tí o bá wọ inú ìwádìí. Kọ ọ́ sílẹ̀, torí bí wọ́n bá ti yọ orúkọ rẹ, nọ́ńbà yẹn nìkan ni wọ́n lè fi wá tìrẹ rí. Bí wọ́n bá ti ro tìrẹ pọ̀ mọ́ ti àwọn ẹlòmíràn nínú àbájáde tó ti jáde, wọn ò lè yọ ọ́ mọ́, torí náà bi wọ́n ní ọjọ́ tí ìyẹn máa ṣẹlẹ̀. Fáìlì zip tí o gbà sílẹ̀ náà ṣì wà nínú Download lórí fóònù rẹ, fóònù tí àwọn àbúrò rẹ fi ń ṣeré ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Lọ pa á rẹ́ lálẹ́ yìí.