Àmì ojú ọ̀nà apanilẹ́rìn-ín kì í rẹ́rìn-ín

Ẹni tó bá fẹ́ fi àwòrán ìlù tàbí gìtá ṣe àmì ojú ọ̀nà apanilẹ́rìn-ín sábà máa ń ya ojú sára ìlù náà, á ya eyín sí i, á wá fi ọ̀dà aláwọ̀ mẹ́fà kùn ún. Ó bà á jẹ́ nìyẹn. Ara ògiri jẹ́lé-ó-sinmi nirú rẹ̀ yẹ.

Ẹ rántí Baba Sala. Awò ńlá lójú, ó fajú ro, àwa la máa ń di ikùn mú. Olórin ni kó tó di aláwàdà o. Inú ẹgbẹ́ rẹ̀, Federal Rhythm Dandies, ni Sunny Adé ti ta gìtá kó tó dá tiẹ̀ sílẹ̀. Bóyá ìdí orin ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ dìgbà tí àsìkò bá tó. Ẹ jẹ́ ká padà sójú ọ̀nà.

Púpọ̀ nínú àmì tó wà lójú pópó Nàìjíríà bá ti Bírítéènì mu, èyí tí Jock Kinneir àti Margaret Calvert ṣe, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí lò ní 1965. Onígun mẹ́ta pupa ní kéèyàn ṣọ́ra. Róbótó pupa ní kó má dán an wò. Àwòrán inú rẹ̀ dúdú bí òjìji, kò lójú, kò nímú. Nínú èyí tó ń sọ pé iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, ọkùnrin kan tẹ̀ síwájú òkìtì yẹ̀pẹ̀ tòun ti ṣọ́bìrì. Àwọn ará Bírítéènì ti ń ṣe yẹ̀yẹ́ tipẹ́ pé agbòjò tó há ló ń bá jìjàkadì.

Ibẹ̀ ni kí ayàwòrán ti bẹ̀rẹ̀. Kó fi ọkùnrin náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Kó gé orí òkìtì náà pẹrẹsẹ, kó fún un ní ẹsẹ̀ kúkúrú: ó di ìlù ìgbìn. Kó gé ṣọ́bìrì kúrú: ó di ọ̀pá ìlù. Agbẹ́lẹ̀ ti di onílù, àárẹ̀ sì ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ohun èlò orin ló gba òjìji. Gángan gbà á, ìbàdí rẹ̀ tín-ín-rín tó. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ò gbà á: tí ìlẹ̀kẹ̀ ò bá ti hàn, agbè ẹmu ni. Ẹ fi sínú róbótó pupa, àwọn èèyàn á rò pé wọ́n ti fòfin de ẹmu.

Ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ le bíi ti ìjọba: «Onílù níwájú. Ẹ ṣẹ́ owó. Mítà 200.» Mítà 200 yẹn gan-an lẹ̀rín wà.

Àgbàlá tàbí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngán àpèjẹ ni kí wọ́n gbé e sí. Awakọ̀ tó bá ti rí mẹ́ta irú rẹ̀ lójú títì lè fi ìkẹrin, tó jẹ́ òótọ́, rẹ́rìn-ín. Clet Abraham, ayàwòrán ọmọ Faransé tó ń gbé ní Florence, ní Ítálì, gbọ́n sí i: sítíkà tó ṣeé ṣí ló ń lẹ̀ mọ́ àmì ojú ọ̀nà gidi. Ó ya ọkùnrin kan tó gbé ọ̀pá funfun inú àmì «má wọlé» lọ́wọ́. Awakọ̀ á rẹ́rìn-ín, á sì yí mọ́tò padà.