Ṣẹ́gun Òní

Olúṣẹ́gun Adébáyọ̀ Òní (tí a bí ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1954) jẹ́ ẹnjiníà àti olóṣèlú ọmọ Ìfàkì-Èkìtì. Yunifásítì Ifẹ̀ ni ó ti kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kẹ́míkà. Ó ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkìtì láàárín 2007 sí 2010, ẹ̀ẹ̀mejì ni ilé ẹjọ́ sì yọ ọ́ nípò náà.

Ẹjọ́ ìbò

Oṣù Kẹrin 2007 ni INEC kéde Òní, tó díje lábẹ́ PDP, pé ó borí Káyọ̀dé Fáyẹmí ti ẹgbẹ́ AC. Fáyẹmí pẹjọ́. Ní oṣù Kejì 2009, Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Ìlọrin ní kí wọ́n tún ìbò dì ní wọ́ọ̀dù 63, nínú ìjọba ìbílẹ̀ 10 lára 16 tí Èkìtì ní. Abẹnugan ilé aṣòfin, Túnjí Ọdẹ́yẹmí, ló fìdí hẹ nípò gómìnà.

Ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin ni wọ́n tún un dì. Èsì Ìdó-Òsì, níbi tí Ìfàkì wà gan-an, ló dá wàhálà sílẹ̀. Ọ̀gá INEC ní Èkìtì, Ayọ̀ka Adébáyọ̀, kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kí èsì tó pé, ó ní ẹ̀rí ọkàn òun kò gbà á. Ó padà wá, òun náà ló sì kéde Òní ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n nínú ìtàn ìbò Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá 2010, ilé ẹjọ́ Ìlọrin kan náà dájọ́ pé Fáyẹmí ló wọlé. Ọjọ́ kejì ni wọ́n búra fún un.

Ìjọba rẹ̀

Ìjọba Òní dá yunifásítì sílẹ̀ ní Ìfàkì àti Ìkẹ́rẹ́. Ní 2011, Fáyẹmí pa méjèèjì pọ̀ mọ́ ti Adó.

Lẹ́yìn ipò gómìnà

Òní bọ́ sínú APC ní 2014, ó sì di igbákejì alága àpapọ̀ fún ìhà Gúúsù. Nínú ìbò abẹ́lé 2018, Fáyẹmí tún fi ìbò 941 borí 481 tirẹ̀. Òní pẹjọ́ pé Fáyẹmí, tó jẹ́ mínísítà ohun àlùmọ́nì nígbà náà, kò kọ̀wé fipò sílẹ̀ lásìkò tó yẹ. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ da ẹjọ́ náà nù ní 2019.

Ó padà sí PDP, kó tó díje fún SDP ní 2022. Ìbò 82,211 ló ní, Bíọ́dún Oyèbánjí ti APC ní 187,057. Ó tún gba ilé ẹjọ́ lọ, wọn kò dá a láre.