A Kì í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí: Ta Ló Yẹ Kó Wà Nípàdé Kánààlì?

Bí òjò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀ l'Ékòó, ẹ ó rí katapílà létí kánààlì. Á na apá rẹ̀ gígùn sínú omi, á kó ẹrẹ̀ àti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà jáde, á kó o jọ sórí bèbè, á sì bá tirẹ̀ lọ. Bí típà ò bá tètè wá kó ẹrẹ̀ náà, òjò ńlá kan tàbí méjì ti tó láti gbá a padà sínú omi. Àwọn tó ń gbé létí kánààlì mọ èyí dáadáa, ojú wọn ló ń ṣe. Síbẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó sì tún ṣọ̀wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ìjọba ní kí wọ́n wá yẹ iṣẹ́ náà wò kí owó kọ̀ǹtirákítọ̀ tó jáde. Iṣẹ́ omi àti ìṣàn odò ni mò ń ṣe. Ohun tó sì dá mi lójú ni pé ìtọ́jú odò kì í pẹ́ tó fi ń bàjẹ́ bí àwọn tó ń gbé lójú ọ̀nà rẹ̀ kò bá ní ohùn nínú bí a ṣe ń náwó lé e lórí.

Nígbà tí àwa oníṣẹ́ omi bá ń sọ̀rọ̀ odò, ojú omi nìkan kọ́ là ń wò. Gbogbo ilẹ̀ tí òjò bá rọ̀ sí, tí omi rẹ̀ sì máa forí lé odò kan náà, ara odò yẹn ni: òrùlé, títì, ọgbà ilé-iṣẹ́, ọjà, títí kan gọ́tà iwájú ilé yín. Ẹ wo Odò Ìyá Aláró. Ọ̀pọ̀ wa ń gba orí afárá rẹ̀ kọjá lójú ọ̀nà Ìkòròdú, láàárín Ọjọ́ta sí Maryland, láì bojú wolẹ̀. Láti apá Ìkẹjà àti Orégún, níbi tí ilé-iṣẹ́ pọ̀ sí, ni omi yẹn ti ń bọ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ Méńdè kọjá kó tó já sí ọ̀sà. Ẹni tó da òkú epo ẹ́ńjìnnì sí gọ́tà l'Órégún kò ní fojú kàn án mọ́. Ará Méńdè ló máa gbóòórùn rẹ̀, apẹja ló máa bá a lára àwọ̀n.

Ọ̀sà pàápàá ní wàhálà tirẹ̀. Ẹnu kan gbòógì ni ọ̀sà Èkó ní sí òkun, ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ òkun ń gbà wọ Àpápá. Bí òkun bá kún, ọ̀sà á kún, omi kánààlì kò sì ní ríbi já sí. Bí òjò ńlá bá wá rọ̀ ní wákàtí yẹn gan-an, kánààlì tí wọ́n gbẹ́ lánàá yóò kún dé bèbè. Àwọn apẹja Màkókó àti Bàrígà mọ ìgbà tí omi ń kún àti ìgbà tó ń fà, wọ́n sì mọ ibi tí iyanrìn ti ń dí ẹnu kánààlì lọ́dọọdún. Èmi lè ṣírò iye omi tí kánààlì kan lè gbà. Ibi tí iyanrìn ti dí lóṣù tó kọjá, àfi kí n bi wọ́n. Ó ń dùn mí nígbà tí mo bá rí ìwé iṣẹ́ tó gùn gbọọrọ nípa ọ̀sà yìí tí orúkọ apẹja kan ò sí níbẹ̀.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ náà parí sí ààlà Èkó. Odò Ògùn, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ti ṣẹ̀ wá. Ó gba Abẹ́òkúta kọjá kó tó dé Ìṣẹrì, Ajégúnlẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú, àti Agbóyì, kó tó wọ ọ̀sà. Omi rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ omi Ìjú, tó ti wà láti 1910, àti ti Adíyàn ń fà fún wa. Odò Ọyán ń dà sínú rẹ̀, dáàmù tí wọ́n ṣí ní 1983 sì wà lórí Ọyán yìí, lábẹ́ àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó odò Ògùn àti Ọ̀ṣun. Ní oṣù kẹwàá 2010, wọ́n tú omi sílẹ̀ ní dáàmù náà, Ajégúnlẹ̀ kún, ọ̀pọ̀ ìdílé sì fi ilé sílẹ̀. Dáàmù tó ti kún gbọ́dọ̀ tú omi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó lè wó, èyí tó burú jù lọ. Ohun tó yẹ ká bèèrè ni bóyá ìròyìn náà tètè ń dé ọ̀dọ̀ ìyá tó ń ta ẹja létí odò. Ìkìlọ̀ tó bá dé Aláúsá, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba Èkó wà, tí kò dé ọ̀dọ̀ Bàálẹ̀, mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì àti WhatsApp àdúgbò kò tíì débi tí wọ́n rán an.

Nígbà náà, ta ló yẹ kó wà nípàdé? Èsì tí wọ́n sábà máa ń fún mi ni pé, "A ti pe CDA," ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò. Ó dáa, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, ìpàdé lánlọ́ọ̀dù ni CDA. Lánlọ́ọ̀dù lè máa gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tàbí ní àdúgbò mìíràn pátápátá. Ayálégbé tó wà nílẹ̀, tó ń gbé bẹ́ẹ̀dì lé búlọ́ọ̀kù ní gbogbo oṣù kẹfà, kò ní àga níbẹ̀. Ẹ wá ronú kan àwọn tí wọ́n ti fi ọ̀dà pupa sàmì sára ògiri ilé wọn nítorí pé ó sún mọ́ kánààlì jù. Àwọn yẹn ló mọ omi náà ju gbogbo wa lọ, àwọn náà ló sì ń sá fún ẹnikẹ́ni tó bá gbé fáìlì dání. Bí a kò bá kọ́kọ́ sọ fún wọn láìfi igbá kan bọ̀kan nínú ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ilé wọn àti ibi tí wọ́n máa kó lọ, wọn ò ní bá wa sọ òótọ́. Èmi kò sì lè dá wọn lẹ́bi.

Ní ìpàdé kan tí mo ṣe ní apá Ṣómólú, a tẹ́ páálí ńlá sílẹ̀, a fi máákà ya títì àti gọ́tà sí i, a sì ní kí kálukú fi ìka tọ́ ibi tí omi ti kọ́kọ́ ń wọlé. Àwọn bàbá tọ́ ẹ̀gbẹ́ kánààlì. Ìyá kan tó ń ta ìrẹsì mi orí. "Ẹ jọ̀ọ́, injiníà, ibẹ̀ kọ́. Abẹ́ títì ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà ni. Ẹ lọ wo páìpù." A jọ lọ síbẹ̀. Nínú ihò abẹ́ títì náà, àwọn tó ń pín omi bohóò ti na páìpù tiwọn kọjá, ọ̀kan lórí èkejì. Ọ̀rá, aṣọ àkísà àti igi ti há sára wọn, ó sì ti di ògiri. Páìpù wọ̀nyẹn kò sí nínú àwòrán kankan tó wà lọ́ọ́fíìsì. Àwọn tó ni wọ́n wà nípàdé lọ́jọ́ náà, wọ́n bá oníṣẹ́ páìpù sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbé páìpù náà sókè gba orí gọ́tà. Kò gba katapílà.

Nítorí náà, mi ò ka pínpín fáníìlà àti ìwé ìléwọ́ sí ìfọ̀rọ̀lọ̀. Bí ẹ bá ti ya àwòrán iṣẹ́ tán, tí ẹ ti gbé iṣẹ́ fún ẹni tó máa ṣe é, tí ẹ wá pe àwọn ará àdúgbò kí wọ́n wá pàtẹ́wọ́, ẹ ti fá orí lẹ́yìn olórí nìyẹn. Kí wọ́n wà níbẹ̀ nígbà tí a ń yan kánààlì tí a máa kọ́kọ́ gbẹ́. Kí aṣojú wọn, ayálégbé àti obìnrin ọjà pẹ̀lú, buwọ́lu ìwé pé wọ́n ti kó ẹrẹ̀ kúrò lórí bèbè kí owó tó jáde. Agbára nìkan kì í tọ́jọ́: ìsémọ́lé ìmọ́tótó òpin oṣù dópin ní 2016, kò sì pẹ́ tí gọ́tà ọ̀pọ̀ àdúgbò fi padà sí bó ṣe wà. Nígbà tí ìjọba Èkó fòfin de abọ́ funfun tí a fi ń gbé oúnjẹ, tó máa ń dí gọ́tà, ní oṣù kìíní 2024, olóúnjẹ ni òfin náà kọ́kọ́ kàn lára. Ẹ pe àwọn náà, kí wọ́n sọ ohun tí agbára wọn ká.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ládùúgbò yín, ẹ má dúró de oṣù kẹta. Oṣù kọkànlá ni kẹ́ ẹ pe ìpàdé, nígbà tí omi ti fà, tí àmì ibi tó ga dé ṣì wà lára ògiri, tí ìjọba sì ń múra bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún tó ń bọ̀. Ẹ ya àmì yẹn ní fótò, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ àti orúkọ títì sí i. Ẹ gbé lẹ́tà kan lọ sí káńsù, kẹ́ ẹ gbé ẹ̀dà rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ gọ́tà àti kánààlì ní Aláúsá. Kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tiyín kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀.