Àtúnṣe Ọmú Lẹ́yìn Ọ̀pọ̀ Ọdún Tí Wọ́n Ti Gé E

Obìnrin tí wọ́n gé ọmú rẹ̀ nítorí jẹjẹrẹ ní 2011, tó gba kímò, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, tó gba ìtọ́jú onítànṣán, tí ara rẹ̀ sì ti le láti ìgbà náà, lè lọ bá dókítà lónìí kí wọ́n mọ ọmú mìíràn sí àyà rẹ̀. Ọdún méjì ni o, ogún ọdún ni o, kò sí gbèdéke. Bí ara ṣe wà báyìí ni dókítà máa wò, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n gé e. Èyí ni mo fi ṣáájú, nítorí ọ̀pọ̀ obìnrin ti gbà lọ́kàn pé ó ti pẹ́ jù, wọ́n sì ń ki aṣọ bọ inú kọ́mú láti ọdún mọ́dún láìbi ẹnikẹ́ni léèrè.

Ohun tí à ń pè ní àtúnṣe ọmú ni kí wọ́n fi ẹran ara obìnrin náà fúnra rẹ̀, tàbí àpò sílíkónì, tàbí méjèèjì pọ̀, mọ ohun tó rí bí ọmú sí ibi tó ti ṣófo. Wọ́n lè ṣe é lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n gé ọmú, wọ́n sì lè fi í sílẹ̀ di ìgbà mìíràn. Nílé wa níbí, àrùn ti máa ń ràn kí ọ̀pọ̀ tó dé ilé ìwòsàn. Ẹ̀mí ni gbogbo ẹbí ń sá kiri láti gbà là, owó kímò sì ti ń tán lọ. Ta ni yóò máa ronú ìrísí àyà nígbà náà? Ó yé mi. Ohun tí kò yẹ ni pé lẹ́yìn tí ara bá ti yá tán, kí ẹnikẹ́ni má ṣì sọ fún aláìsàn pé ọ̀nà ṣì wà.

Awọ ló mú kí iṣẹ́ náà yàtọ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Bí wọ́n bá ṣe é lọ́jọ́ tí wọ́n gé ọmú, wọ́n lè dá púpọ̀ nínú awọ ọmú sí. Ṣùgbọ́n àyà tí wọ́n ti rán pa láti ọjọ́ pípẹ́ ti tẹ́, awọ ibẹ̀ kò tó nǹkan mọ́, ó sì ti lẹ̀ mọ́ egungun ìhà. Bí ìtànṣán bá tún ti kan ibẹ̀, awọ náà á gan, iṣan ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ á dín kù, ọgbẹ́ ibẹ̀ kò sì ní tètè jinná. Àwọn dókítà sábà máa ń ní kí obìnrin dúró tó oṣù mẹ́fà ó kéré tán lẹ́yìn ìtànṣán. Ẹni tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ti rékọjá ìyẹn. Síbẹ̀, ohun tí ìtànṣán ṣe sí awọ kì í parẹ́ nítorí pé ó ti pẹ́, òun sì ló sábà máa ń pinnu ọ̀nà tí wọ́n máa gbà.

Ọ̀nà kan ni ti àpò sílíkónì. Bí awọ kò ṣe tó, wọ́n á kọ́kọ́ ti bàlúù òfìfo kan sí abẹ́ awọ tàbí abẹ́ iṣan àyà. Wọ́n á wá máa fi abẹ́rẹ́ bu omi oníyọ̀ sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù mélòó kan, kí awọ lè máa fẹ̀. Bó bá ti fẹ̀ tó, wọ́n á ṣe iṣẹ́ abẹ kejì láti yọ bàlúù kí wọ́n fi àpò gan-an rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ yìí kì í pẹ́ púpọ̀, kò sì sí ọgbẹ́ níbòmíràn lára. Àmọ́ ara máa ń hun àpá yí àpò náà ká. Nígbà mìíràn àpá yìí á fún un pọ̀ títí ọmú á fi le, á wọ́, á sì máa dunni. Lára ẹni tó gba ìtànṣán ni èyí ti pọ̀ jù. Àpò náà kì í sì í ṣe ohun tí a ń gbé dé sàréè: ọ̀pọ̀ máa ń pààrọ̀ rẹ̀ tó bá yá. Àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, FDA, dá a lámọ̀ràn pé kí ẹni tó bá ní ti sílíkónì lára lọ ya àwòrán rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 5 sí 6, kó sì máa ṣe é ní ọdún 2 sí 3 lẹ́yìn náà, nítorí ó lè bẹ́ sínú láìjẹ́ pé èèyàn mọ̀. Ní 2019 ni ilé iṣẹ́ Allergan kó àpò Biocell tí ara rẹ̀ rí ṣákiṣàki kúrò lọ́jà káàkiri àgbáyé, torí wọ́n ti rí i pé ó ní í ṣe pẹ̀lú irú jẹjẹrẹ kan tí kò wọ́pọ̀. Ẹ béèrè irú àpò tí wọ́n fẹ́ fi sí i yín lára, kí ẹ sì gba orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé.

Ọ̀nà kejì, tí àwọn dókítà sábà máa ń yàn fún ẹni tí ìtànṣán ti kan, ni pé kí wọ́n gé ẹran ara tí kò rí ìtànṣán rí wá síbẹ̀. Ìsàlẹ̀ ikùn ni wọ́n ti ń mú un jù, lábẹ́ ìdodo: awọ, ọ̀rá, àti iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ wọn. Iṣan ẹ̀jẹ̀ yìí ni gbogbo iṣẹ́ náà. Ó dà bí ìgbà tí à ń ṣí ata lọ gbìn: bí gbòǹgbò kò bá rí omi níbi tuntun, ó ti rọ nìyẹn. Dókítà á fi awò amúǹkan-tóbi wo iṣan tó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, á fi òwú tó fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ rán an mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ inú àyà. Èyí tí wọ́n ń pè ní DIEP kò gé iṣan ikùn kúrò, ọ̀rá, awọ àti iṣan ẹ̀jẹ̀ wọn nìkan ló ń mú. Dókítà Robert Allen ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ fi í ṣe ọmú ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Kó tó dìgbà yẹn, TRAM ni wọ́n ń ṣe, èyí tí Dókítà Carl Hartrampf kọ nípa rẹ̀ ní 1982. Ìyẹn ń mú iṣan ikùn dání, ó sì lè sọ ikùn di aláìlágbára.

DIEP lè gba wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kìíní àti ìkejì, nọ́ọ̀sì á máa wá wò ó lemọ́lemọ́ bóyá ẹ̀jẹ̀ ń lọ níbẹ̀. Níbi tí ọwọ́ dókítà ti mọ́ ọn, díẹ̀ péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹran tí wọ́n gbé síbẹ̀ máa ń kú mọ́ lára, àmọ́ ó ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ti fi iṣẹ́ abẹ bímọ ṣì lè ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tí wọ́n ti gé ikùn rẹ̀ kó lè tẹ́ kò lè ṣe é mọ́, nítorí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ikùn ń yọ̀ǹda irú ẹran bẹ́ẹ̀.

Ti ẹ̀yìn náà wà. Wọ́n á yí iṣan ẹ̀yìn gba abẹ́ abíyá wá sí àyà láìgé iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, nítorí náà kò nílò awò yẹn, ilé ìwòsàn tó lè ṣe é sì pọ̀ ju ti DIEP lọ. Ó máa ń kéré, wọ́n sì sábà máa ń fi àpò díẹ̀ tì í lábẹ́. Ti orí ọmú, ó di oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà: wọ́n lè ṣẹ́ awọ ibẹ̀ pọ̀, tàbí kí wọ́n fín in bí ẹni fín ara. Ẹni tó mọ àwọ̀ dúdú dáadáa ni kí ẹ jẹ́ kó fín in.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí láìfi ohunkóhun pamọ́: ọmú tuntun kò ní mọ nǹkan lára bíi ti tẹ́lẹ̀. Ti ẹlòmíràn á padà díẹ̀, ti ẹlòmíràn á kú tipiri. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin màmá àti àǹtí tí ẹ ń tọ́jú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é, ẹ má ṣe fi omi gbígbóná jó o. Awọ tí kò mọ̀ ọ́n lára á bó kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù pé iṣẹ́ abẹ náà á jí jẹjẹrẹ tó ti sùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àtúnṣe ọmú kì í mú kí jẹjẹrẹ padà wá, kì í sì í dí dókítà lọ́wọ́ láti rí i bó bá padà. Àyẹ̀wò ọmú kejì ṣì gbọ́dọ̀ máa lọ.

Kí wọ́n tó gbà láti ṣe é, wọ́n á fẹ́ kí àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru wà ní ìkáwọ́, wọ́n á sì ní kí ẹni tó ń mu sìgá jáwọ́, torí sìgá ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pa. Ẹni tó ṣì ń lo Tamoxifen, oògùn tí wọ́n ń lò kí jẹjẹrẹ ọmú má bàa padà, gbọ́dọ̀ sọ ọ́, nítorí ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì. Dókítà ló máa sọ bóyá kó dá a dúró fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tí àpá rẹ̀ máa ń wú sókè gbọlọjọ, tàbí tí apá rẹ̀ ti ń wú láti ìgbà tí wọ́n ti gé ọmú, kí ó sọ ìyẹn náà.

Owó wá ńkọ́? Àwọn ará wa tó ń gbé Bìrìtéènì lè ṣe é lábẹ́ NHS, ètò ìlera ìjọba ibẹ̀, láìsanwó, kódà bó ti pẹ́. Ní Amẹ́ríkà, òfin kan ti 1998 pàṣẹ pé adójútòfò ìlera tó bá ń sanwó ọmú gígé gbọ́dọ̀ sanwó àtúnṣe rẹ̀, àti títún ọmú kejì ṣe kí méjèèjì lè bára mu. Ní Nàìjíríà, àpò ara ẹni ni ọ̀pọ̀ ti ń san án. Àwọn dókítà oníṣẹ́ àtúnṣe ara wà ní UCH Ìbàdàn, ní LUTH àti ní Igbóbì ní Èkó. Ẹ lọ béèrè iye rẹ̀ àti èyí tí wọ́n lè ṣe.

Ẹ sì lè lọ béèrè kí ẹ má ṣe é. Ọmú àtọwọ́dá tí à ń fi sínú kọ́mú wà, kò gba abẹ́ rárá. Àwọn mìíràn fẹ́ràn àyà wọn bó ṣe wà, dókítà sì lè tún àpá ibẹ̀ ṣe kó tẹ́ dáadáa. Ọkọ lè dá sí i, ẹbí lè dá sí i, ẹni tó ni ara ni kó pinnu.

Bí ẹ bá ń lọ, ẹ mú ìwé iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ àti àkọsílẹ̀ ìtànṣán dání. Bí káàdì bá ti sọnù, ẹ padà sí ibi tí wọ́n ti ṣe é, kí ẹ béèrè fún ẹ̀dà rẹ̀, torí dókítà tuntun gbọ́dọ̀ mọ iṣan tí wọ́n ti gé àti ibi tí ìtànṣán dé kó tó yan ọ̀nà kankan.