Ohun Tí Dílà Fẹnu Sọ Wà Lára Ọkọ̀ Tí Ẹ Rà

Kò sí ẹni tó wá tòkúnbọ̀ lọ sí Ring Road tàbí Ìwó Road, n'Ìbàdàn níbí, tí kò ní gbọ́ ọ: “2010 ni, fáásì bódì, wọn ò tú ẹ́ńjìnnì ẹ̀ rí.” Tí ọkọ̀ bá wá di 2008 tí wọ́n tún kùn, ọ̀rọ̀ á yí padà: “Ṣebí ẹ̀yin náà wò ó kẹ́ ẹ tó sanwó, ọ̀gá?” Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń panu mọ́ tí wọ́n bá ti gbọ́ ìyẹn. Kò yẹ kí wọ́n panu mọ́.

Òfin ọjà títà tí à ń lò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sọ pé ọjà tí wọ́n bá fi àpèjúwe tà gbọ́dọ̀ bá àpèjúwe náà mu. Kì í ṣe dílà nìkan ló dè. Ó de ẹni tó ń ta ọkọ̀ ara rẹ̀ náà. Ní 1967, ẹjọ́ kan wáyé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwa agbẹjọ́rò ṣì ń tọ́ka sí. Ọkùnrin kan polówó ọkọ̀ Triumph Herald rẹ̀ pé ti 1961 ni. Ẹni tó rà á yẹ̀ ẹ́ wò kó tó sanwó. Ìgbà tó yá ni wọ́n rí i pé ààbọ̀ ọkọ̀ méjì ni wọ́n jó pọ̀, ẹ̀yìn nìkan ló jẹ́ ti 1961. Ẹni tó tà á gan-an kò mọ̀, síbẹ̀ ilé ẹjọ́ ní kó san owó gbà-má-bínú.

Fún àwọn tó fi ọkọ̀ títà ṣe iṣẹ́, òfin àpapọ̀ ti 2018 tó dá FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà àwọn oníbàárà, sílẹ̀ tún wà níbẹ̀. Tí ẹ bá rí ọkọ̀ ní fọ́tò lásán, tí wọ́n gbé e wá láìjẹ́ kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, tí kò sì bá àpèjúwe mu, ẹ lè dá a padà kẹ́ ẹ sì gba gbogbo owó yín, tẹ́ ẹ bá ti tètè kọ̀ ọ́. Àkọlé “a kì í dá owó padà” kò lè gba ẹ̀tọ́ yìí lọ́wọ́ yín. Àmọ́ tí dílà bá ti sọ fún yín pé jíà ń já, tẹ́ ẹ sì gbà bẹ́ẹ̀, ẹ ò lè fi jíà bá a ṣẹjọ́ mọ́.

Rìsíìtì ni ẹjọ́ ti ń bàjẹ́. Èyí tí wọ́n ń mú wá bá mi kì í ju “Corolla kan” àti iye owó lọ. Ẹ jẹ́ kó kọ ọdún ọkọ̀, nọ́ńbà ṣáṣí, àti ohun tó sọ nípa ẹ́ńjìnnì sí i. Tó bá kọ̀ láti kọ ohun tó ti fẹnu búra, ẹ wá dílà mìíràn. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ WhatsApp yín rẹ́ o. Ilé ẹjọ́ ń gbà á lábẹ́ òfin ẹ̀rí ti 2011.

Nọ́ńbà ṣáṣí yẹn, létà àti nọ́ńbà 17 ni. Lára ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, ìkẹwàá ló ń sọ ọdún: 8 ni 2008, 9 ni 2009, A ni 2010. Ẹ wò ó lábẹ́ gíláàsì iwájú, kẹ́ ẹ wo ti ẹnu ilẹ̀kùn dírẹ́bà, kí méjèèjì bára mu. Ẹ tún fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde dé ìdí. Ibẹ̀ ni ẹrẹ̀ máa ń fara pamọ́ sí tí omi bá ti mu ọkọ̀ náà rí.

Tí àléébù bá yọ, ẹ má tíì sáré lọ ra jíà mìíràn ní Agodi Gate. Bí ẹ ṣe ń gùn ún, tí ẹ ń tún un ṣe, bẹ́ẹ̀ ni òfin á máa kà á sí pé ẹ ti gbà á. Ẹ ò ní lè dá a padà mọ́, owó gbà-má-bínú nìkan ló máa kù. Ẹ gbé e sílẹ̀, kí mẹkáníìkì tí kò mọ dílà rí kọ ohun tó bá níbẹ̀ sínú ìwé, kẹ́ ẹ sì kọ lẹ́tà sí ẹni tó tà á.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó ọlọ́pàá lọ bá a nítorí àdéhùn tó yẹ̀. Òfin ọlọ́pàá ti 2020 ò gbà kí wọ́n mú èèyàn fún irú ẹ̀. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ jíjí tàbí ayédèrú ìwé, ìyẹn kàn wọ́n. Bí lẹ́tà yín kò bá lésì, ẹ gbé ẹ̀dà rẹ̀, rìsíìtì àti ìwé mẹkáníìkì lọ bá FCCPC, tàbí kẹ́ ẹ gba ilé ẹjọ́ lọ n'Ìyágànkú.